Kí ni ìtumọ̀ obìnrin tó jókòó nídìí káàdì nínú àwòrán Georges de La Tour?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ṣé aríran tó ń fi káàdì wo ọjọ́ iwájú ni obìnrin tó wà nínú àwòrán tí Georges de La Tour, ọmọ ilẹ̀ Lorraine tó wà ní Faransé lónìí, yà ní nǹkan bí ọdún 1635, èyí tó wà ní Louvre, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ní Párísì. Rárá o. Tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń ta. Owó wúrà wà lórí tábìlì, ẹni mẹ́rin ló wà níbẹ̀, mẹ́ta sì ti gbìmọ̀ pọ̀ láti lu ẹnì kẹrin ní jìbìtì.

Ojú wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà. Obìnrin náà kò yí orí rárá, ẹyinjú rẹ̀ nìkan ló yí sí ẹ̀gbẹ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó gbé wáìnì dúró tì í náà ń wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Ìka obìnrin yìí nà sí ọkùnrin apá òsì, ẹni tó ti ki ọwọ́ kan bọ ẹ̀yìn, tó ń fa káàdì òjóró yọ lára bẹ́líìtì rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin apá ọ̀tún, tí aṣọ olówó ńlá wà lọ́rùn rẹ̀, tẹjú mọ́ káàdì ọwọ́ tirẹ̀ nìkan.

Ìlẹ̀kẹ̀ péálì tí obìnrin náà wọ̀ lè rú ènìyàn lójú, torí pé nínú àwòrán Yúróòpù ayé ìgbà náà, péálì lè dúró fún ìwà mímọ́, ó sì lè dúró fún afẹ́. Ohun tó yí i ká la fi ń mọ̀: ọtí àti tẹ́tẹ́ kò jẹ́ kí a ka èyí sí ìwà mímọ́. Obìnrin, ọtí àti tẹ́tẹ́ ló pé síbẹ̀ láti ba ọ̀dọ́ jẹ́, èyí tó ń mú kí a rántí òwe ọmọ onínàákúnàá inú ìwé Lúùkù. Lójú tèmi, kò yẹ kí a di ẹ̀bi náà ru obìnrin nìkan, nítorí ọwọ́ ọkùnrin ni òjóró wà.

Ẹni tó bá fẹ́ ka àmì pupa onígun mẹ́rin ara káàdì náà sí àmì owó, n kò ní bá a gbà á. La Tour ya irú àwòrán yìí lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì wà ní Kimbell, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ní Fort Worth ní Amẹ́ríkà, àmì dúdú oníewé mẹ́ta ló sì wà lára káàdì tibẹ̀, síbẹ̀ ìtàn náà kò yí padà. Ibi tí wọ́n fi káàdì pamọ́ sí ni ìtumọ̀ rẹ̀ wà: ẹ̀yìn ọkùnrin náà kọjú sí àwa òǹwòran, a sì ń rí ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò rí, láìlè kìlọ̀ fún un.