Kí ẹ tó ra fáànù fún ẹ̀rọ kòkó yín

Àbúrò, mo rí ìbéèrè yín. Ẹ ní ẹ̀yin mẹ́ta lẹ jọ fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa mú kòkó gbẹ fún àwọn àgbẹ̀ agbègbè Iléṣà: ìwọ ẹnjiníà ẹ̀rọ, ọ̀rẹ́ rẹ tó jẹ́ ti iná, àti arábìnrin tó kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ. Ẹ ní ẹnu yín ò kò, àti pé ẹni tó ń bójú tó yín ní kí ẹ ya functional model wá kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ìyẹn àwòrán tó ń fi iṣẹ́ tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ṣe hàn, kì í ṣe ohun èlò tí a ó rà: àpótí dúró fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọfà dúró fún ohun tó ń wọlé tàbí tó ń jáde. Ẹ wá bèèrè bóyá IDEF0, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ni kí ẹ fi yà á ni, àbí irú èyí tó ń fi agbára, ohun tí à ń ṣe àti àmì (ohun tó ń sọ ìgbà tí ẹ̀rọ yóò ṣe kí ni) hàn. Mo ń bọ̀ wá sórí ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí nítorí gàrí.

Ẹ̀rọ tó ń yan gàrí la fẹ́ ṣe, nínú ṣẹ́ẹ̀dì kan lẹ́yìn Lágere níbí ní Ifẹ̀. Iléeṣẹ́ kan gbé owó sílẹ̀, wọ́n sì fi ògbóǹtarìgì kan tì wá pé òun ni yóò máa fọwọ́ sí gbogbo àwòrán. Bàbá yìí kì í tẹ ṣẹ́ẹ̀dì. Inú ọ́fíìsì tútù ló jókòó sí, tòun ti bírò pupa. Nínú àwòrán tí mo kọ́kọ́ gbé lọ, àpótí àárín pín sí mẹ́ta: mú sítáàṣì inú ẹ̀gẹ́ jinná, yọ omi kúrò, jẹ́ kí oró ẹ̀gẹ́ bá ooru jáde. Ó fagi lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn ìyá olóko nìyẹn, ẹnjiníà kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ó kọ “mú ohun èlò gbẹ” sí ojú ibẹ̀, ó tún ya fáànù àti hítà sínú àpótí náà fúnra rẹ̀. Ó ní a ti ń pẹ́ jù. Láìsí ìbuwọ́lù rẹ̀, owó kò ní jáde, nítorí náà fáànù la rà.

Ẹni tó bá ti jókòó ti agbada rí mọ̀ pé gàrí yíyan kì í ṣe sísá. Ẹ̀gẹ́ tí a ti rin, tí a ti fún, tí a sì ti jọ̀, ó ṣì ní omi púpọ̀ nínú. Omi yẹn ni sítáàṣì rẹ̀ yóò fi jinná, nígbà tí ooru bá kọjá nǹkan bíi 60 sí 70 lórí ìwọ̀n Celsius. Bí omi bá tán kí ó tó gbóná débẹ̀, ó parí, sítáàṣì tútù lẹ ní lọ́wọ́, ẹ kàn fi afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́ ni. Ìdí nìyí tí ìyá tó ń yan gàrí fi máa ń fi àfọ́kù igbá tẹ̀ ẹ́ mọ́ agbada ná, kí ó gbóná nígbà tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, kí ó tó wá máa dà á kiri kí omi lè lọ. Iṣẹ́ méjì ni, ọ̀kan ṣáájú èkejì, nínú ìkòkò kan náà. Oró tó ń bá ooru jáde ni ẹ̀kẹta, ìyẹn sì ni ẹni tó pa fèrèsé ṣẹ́ẹ̀dì dé kò ní gbàgbé bọ̀rọ̀.

Ohun tí ẹ̀rọ bàbá yẹn ṣe jáde funfun, ó gbẹ, ó sì rí bíi gàrí lójú. A da omi tútù lé e, kò wú. Ó rì sísàlẹ̀ ife bí iyanrìn odò. Ìyá kan tí a pè wá láti abúlé kan lójú ọ̀nà Òǹdó bù ú sẹ́nu, ó tutọ́, ó ní, “Ẹ̀gẹ́ tútù lẹ sá yìí, ẹ̀yin ọmọ mi.” Bàbá oníbírò pupa wo abọ́ náà, ó ní omi inú rẹ̀ ò pé 12 nínú 100, pé ó bá ìlànà mu, kí la tún ń wá? Ó sì kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, àwọn oníbàárà ni kò mọ ohun tó dáa. Títí dòní, bí mo bá rí bírò pupa, inú mi máa ń ru.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ àmì. Ta ló ń sọ fún iná pé kí ó rẹlẹ̀? Nídìí agbada, ojú àti etí ìyá yẹn ni: bí ooru ṣe ń jáde, bí gàrí ṣe ń dún mọ́ igbá, òórùn rẹ̀. Èmi ti ya ọfà yẹn. Bàbá ní a kì í ya ènìyàn sínú àwòrán ẹ̀rọ. Nígbà tí ọfà náà sì lọ, kò sí ẹni tí iṣẹ́ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Oníṣẹ́ iná fi sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru sínú afẹ́fẹ́ nítorí ibẹ̀ ló rọrùn, onímọ̀ oúnjẹ rò pé inú gàrí ni sẹ́ńsọ̀ wà. Afẹ́fẹ́ á ti gbóná kọjá 100 nígbà tí ẹ̀gẹ́ tútù inú rẹ̀ kò tíì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jà, kò sì sí èyí tó jẹ̀bi.

Lawrence Miles, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà tó dá irú èrò yìí sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ General Electric ní 1947, ohun tó ń bèèrè ni pé kí ni nǹkan yìí ń ṣe, kì í ṣe kí ni nǹkan yìí. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ìṣe kan, ọ̀rọ̀ orúkọ kan, ó tán. Ẹni tó bá ti kọ fáànù sínú àpótí ti yan ohun tí yóò rà kí ẹnikẹ́ni tó jíròrò, irú wọn ló sì máa ń gba owó ìmọ̀ràn jù.

Ẹ tún ṣọ́ra fún irin lásán. Omi ẹ̀gẹ́ ní kíkan, ó ń jẹ irin. Kòkó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde kúrò lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kan gan-an. Ibi tí ó bá ti kan irin, ẹ fi stainless, irin tí kì í dípẹtà, sí i, tàbí igi. Wẹ́dà yóò ní kò sí ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ wà.

Ó dáa, kòkó yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ “mú kòkó gbẹ” kí ó sì jókòó. Lẹ́yìn tí kòkó bá ti kan tán, omi tó wà nínú rẹ̀ tó ìdajì tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbé e wá sí nǹkan bíi 7 nínú 100. Bó bá ju 8 lọ, èébu yóò hù sí i nínú àpò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ooru líle yọ omi yẹn lójijì, èèpo yóò le, kíkan inú rẹ̀ kò ní rọ́nà jáde, ẹni tó bá fi ṣe ṣokoléètì yóò tọ́ ọ wò ní kíkan. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í jẹ́ kí ó kọjá 60 lórí ìwọ̀n Celsius, wọ́n sì máa ń rọra bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, àpótí yín ó kéré tán: yọ omi kúrò, jẹ́ kí kíkan jáde, yí kòkó padà, dínà fún èéfín, sọ ìgbà tó gbẹ. Ti èéfín yẹn, bí ẹ bá ń dá igi, èéfín àti afẹ́fẹ́ tó ń kan kòkó kò gbọdọ̀ pàdé rárá, nítorí òórùn rẹ̀ kì í jáde mọ́. Ti “sọ ìgbà tó gbẹ”, ẹ lọ bá àgbẹ̀ tó ń fi ọwọ́ fún kòkó gbọ́ bó ṣe ń dún, kí ẹ wá fi wé mítà àwọn tó ń rà á. Òun ló ni ọfà àmì yẹn lọ́wọ́ báyìí. Ẹ yà á, bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ ní kí ẹ má yà á.

Ọfà tó bá jáde láti àpótí ẹnì kan wọ àpótí ẹlòmíràn, ẹ kọ iye sí i lára, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Afẹ́fẹ́ wo, ó gbóná tó báwo, ibo la ti wọ̀n ọ́n? Ibẹ̀ ni ìjà ti wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè yín gan-an: ẹ fi èyí tó ń ya agbára, ohun tí à ń ṣe àti àmì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bẹ̀rẹ̀, èyí tí Pahl àti Beitz, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ẹnjiníà ti Jámánì, sọ di mímọ̀. Ẹ yà á sórí páálí, kí ẹ fi ìlà mẹ́ta ọ̀tọ̀ yà á. IDEF0 wá láti ọ̀dọ̀ ọmọ ogun ojú òfuurufú Amẹ́ríkà, ìjọba wọn sì sọ ọ́ di ìlànà ní 1993. Ohun tó ń wọlé gba òsì, èyí tó ń jáde gba ọ̀tún, ohun tó ń darí iṣẹ́ gba òkè, ẹni tàbí ẹ̀rọ tó ń ṣe é gba ìsàlẹ̀. Ó dáa fún ọ́fíìsì tó fẹ́ mọ ta ló ń ṣe kí ni, nítorí ènìyàn ní àyè tirẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà bí ẹni tó ń bójú tó yín bá ń fẹ́ ìwé tó rẹwà, ẹ fi ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ to gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀, kí ẹ yan. Ẹ ti mọ èyí ní kíláàsì.

Ẹ ò sọ ẹni tó ń sanwó. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ tó ní ògbóǹtarìgì tirẹ̀ ni, ẹ fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́ kí n wò ó kí ẹ tó fọwọ́ sí i.