LPN ni àbí OTA? Ọmọ mi ò fẹ́ gbọ́ ti nọ́ọ̀sì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin òbí. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí háì skúùlù níbí ní Amẹ́ríkà. Èmi ní kó lọ ṣe LPN, nọ́ọ̀sì tí ipò ẹ̀ wà lábẹ́ RN, kó tètè máa rówó, òun ní OTA (igbákejì àwọn OT, ìyẹn occupational therapist) lòun fẹ́, pé òun fẹ́ máa kọ́ àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú bí wọ́n á ṣe máa dá wọṣọ. Bàbá ẹ̀ ní ṣé iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, orí mi ti gbóná.

Ìdáhùn: Mọ́mì, ẹ kú wàhálà ọmọ o. LPN lèmi fúnra mi, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ti kẹ̀kẹ́ òògùn kiri ilé àwọn arúgbó. Tí mo bá wọlé láàárọ̀ àwọn bí 28 ló wà lọ́wọ́ mi, ẹni tó gbọ́dọ̀ gba insulin kí oúnjẹ tó dé, ẹni tí ò lè gbé òògùn mì tí mo máa lọ̀ ọ́ fún, ẹni tó ń pariwo pé mo fẹ́ pa òun, fóònù náà ò sì sinmi, kí n tó jókòó kọ nǹkan sílẹ̀ ẹsẹ̀ mi ti wú. Mi ò kábàámọ̀ ẹ̀ sha, òun ni mo fi ń sanwó ilé wa.

Ìyàwó àbúrò mi ló ń ṣe OTA. Lọ́jọ́ kan mo rí i pẹ̀lú bàbá kan tí apá òsì ẹ̀ ti kú, ó ń kọ́ ọ bó ṣe máa wọ ṣẹ́ẹ̀tì. Apá tó kú yẹn ló ní kó kọ́kọ́ kì bọ ọwọ́ aṣọ, kó wá fi èyí tó dáa fa ìyókù gba ẹ̀yìn. Bàbá yẹn ṣe é tì, ó tún ṣe é tì, ogún ìṣẹ́jú gbáko, ìyàwó àbúrò mi ò bá a fọwọ́ kàn án. Èmi ì bá ti wọ̀ ọ́ fún un kíá nítorí òògùn ń dúró dè mí. Ọmọ tó bá ní sùúrù yẹn, ẹ má fipá gbé e síwájú kẹ̀kẹ́ òògùn.

Ti owó, lọ́dún 2024 agbedeméjì owó ọdún kan fún LPN lé ní $62,000, OTA lé ní $68,000. Ṣùgbọ́n LPN bí ọdún kan ni, kó wá ṣe NCLEX-PN, ìdánwò ìwé àṣẹ àwọn LPN. OTA ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ 16 nínú ẹ̀ á wà níbi iṣẹ́ fúltáìmù, wọn kì í sábà sanwó fún un, ìdánwò àwọn OTA tí wọ́n ń pè ní NBCOT lẹ́yìn ìyẹn.

Èyí tó máa ń kọ mí lóminú nípa OTA ni Medicare, ìnṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn àgbàlagbà. Láti October 2019 wọn ò ka ìṣẹ́jú therapy mọ́ kí wọ́n tó sanwó fún ilé àwọn arúgbó, bí wákàtí ìyàwó àbúrò mi ṣe já wálẹ̀ nìyẹn. Láti 2022 sì rèé, tó bá jẹ́ OTA ló tọ́jú aláìsàn tó ń ti ilé wá, 85% iye tó yẹ kí wọ́n san ni wọ́n ń san. Èmi ní tèmi ófátáìmù ló ń wá mi kiri. LPN sì lè gba ọ̀nà àbùjá di RN, nọ́ọ̀sì àgbà, OTA tó bá fẹ́ di OT gan-an á ní láti lọ dé master's.

Síbẹ̀ tó bá jẹ́ ọmọ mi ni, màá jẹ́ kó ṣe OTA ẹ̀. Kó kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kó tẹ̀ lé ẹnì kan lẹ́nu iṣẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ọ̀pọ̀ skúùlù OTA máa ń béèrè fún un náà, kò ní ṣòfò. Ẹ má sì san kọ́bọ̀ fún skúùlù kankan tẹ́ ò bá tíì rí orúkọ ẹ̀ lára àwọn tí ACOTE, àjọ tó ń yẹ skúùlù OTA wò, fọwọ́ sí o, torí tí kò bá sí níbẹ̀ wọn ò ní jẹ́ kó jókòó ṣe ìdánwò NBCOT yẹn rárá.