Irú sitirọ́bẹ́rì wo ni àrùn kì í tètè mú?

Ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, Earliglow tàbí Allstar ni kí ẹ gbìn. Méjèèjì ń kojú red stele, àrùn tó ń ba gbòǹgbò jẹ́ níbi tí omi bá ti ń dúró. Ẹ la gbòǹgbò èyí tó ń rọ: bí àárín rẹ̀ bá pọ́n, òun nìyẹn. Earliglow àti Allstar tún ń fara da Verticillium, àrùn inú ilẹ̀ tó ń mú kí ewéko rọ, ju irú mìíràn tó ń jẹ́ Honeoye lọ, bí Honeoye tilẹ̀ ń so dáadáa.

Síbẹ̀, ẹ yẹra fún ilẹ̀ tí wọ́n gbin tòmátì, ata, ìgbá tàbí pòtétò sí láìpẹ́. Verticillium máa ń wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ti Botrytis tó ń mú èso bu, kò sí irú tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sábẹ́ èso, kí ẹ má sì gbìn ín fún pọ̀.