Bíbọ̀ kì í sọ rọ́bà ìtọ̀ di tuntun

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì. Kubwa là ń gbé. Rọ́bà ìtọ̀ wà lára bàbá mi nítorí pírósítéètì. Ẹni tó ń wá pààrọ̀ rẹ̀ nílé máa ń fi Dettol àti omi gbígbóná bọ èyí tó yọ, á sì tún fi í padà. Ọjọ́ kẹta rèé tí ara Bàbá ti ń gbóná. Aládùúgbò wa ní tọ́lẹ́ẹ̀tì ínfẹ́kíṣọ̀n ni. Àgbo wo la lè fi fọ̀ ọ́ dànù?

ÌDÁHÙN: Tọ́lẹ́ẹ̀tì kẹ̀? Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ ń gba inú rọ́bà lọ sínú báàgì! Ẹ fi tọ́lẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, rọ́bà yẹn ni kí ẹ wò. Lára ọ̀rá tí wọ́n fi dì í, ẹ ó rí 2 nínú róbótó kan tí wọ́n fa ìlà sọdá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ ò gbọdọ̀ lò ó lẹ́ẹ̀kejì.

“A bọ̀ ọ́ ṣáá.” Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ṣé ẹ mọ kẹ́ẹ̀gì tí mairuwa fi ń gbé omi wá? Ẹ ki ìka bọ ọrùn rẹ̀, á máa yọ̀ bọ̀rọ́, bó ti wù kí wọ́n ṣàn án tó. Bẹ́ẹ̀ ni inú rọ́bà ìtọ̀ ń rí. Kòkòrò á fi nǹkan bí omi ilá bo ara rẹ̀ mọ́ ara rọ́bà, á wá fara pamọ́ síbẹ̀, Dettol ò ní rí i mú. Ihò tó tín-ín-rín bẹ́ẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì wo ló fẹ́ wọ̀ ọ́? Omi gbígbóná tún lè ba bálúùnù kékeré tó dì í mú nínú àpò ìtọ̀ jẹ́.

Tuntun pàápàá, kòkòrò lè gun un wọlé. Ìdí nìyẹn tí báàgì fi gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, láìfara kanlẹ̀.

N ò fojú rí Bàbá, torí náà n ò ní dárúkọ oògùn. Ẹ gbé wọn lọ sí ọsíbítù lónìí. Tí wọ́n bá ń gbọ̀n tàbí tí wọ́n ń sọ ìsọkúsọ, kódà kó jẹ́ òru, ẹ má dúró. Ẹ má fa rọ́bà náà yọ fúnra yín o, bálúùnù yẹn lè ya ojú ọ̀nà ìtọ̀. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi tuntun sí i kí wọ́n tó gba ìtọ̀ fún àyẹ̀wò. Ti inú báàgì ò wúlò. Ẹ má sì yà ra sípíró, oògùn apakòkòrò yẹn, ní kẹ́místì lójú ọ̀nà, ó lè da èsì àyẹ̀wò rú.

Ẹni tó ń bọ rọ́bà, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan Bàbá mọ́. Ṣé owó rọ́bà tuntun ló sì ń gbà lọ́wọ́ yín?