Èsì: Báwo ni Ọlọ́run aláàánú ṣe fi ìkún omi pa ayé rẹ́?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ìtàn Nóà kò jọ ti Ọlọ́run aláàánú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún Jẹ́nẹ́sísì 6:6 kà: ọ̀rọ̀ náà dun Ọlọ́run dé ọkàn. Kì í ṣe inú dídùn ló fi dájọ́. Ó sì gba àkókò gígùn kí ọkọ̀ Nóà tó tóbi tó yẹn, ìgbọ̀nwọ́ 300 ní gígùn, tó parí. Ẹ wo Nóà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, tó ń fi ọ̀dà kun pákó nínú àti lóde, nítorí òjò tí ojú ò tíì rí. Ìgbàgbọ́ tí Hébérù 11:7 ń sọ nìyẹn: ó gbọ́, ó sì gbé iṣẹ́ ṣe. Pétérù pè é ní oníwàásù òdodo, nítorí náà a kò lè ní kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún àwọn èèyàn ìgbà náà.

Ohun tó máa ń mú mi dákẹ́ ni Jẹ́nẹ́sísì 7:16. Olúwa fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn, kì í ṣe Nóà. Bíbélì ò sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo gbà pé ọkàn Nóà gbọgbẹ́ nítorí àwọn tó kù síta.