Ṣé mo lè máa fi ẹ̀rọ AI ṣètò wáàsí àti ìwé kíkà mi?

Ìbéèrè

As-salaamu alaykum, Àlùfáà wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àsàlátù àwa obìnrin ní àdúgbò wa ní Ọba-Ilé, l'Àkúrẹ́. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ mi tó wà ní FUTA ló fi ẹ̀rọ AI sórí fóònù mi, ó sì ti gba wàhálà púpọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ń bá mi to àwọn ohun tí mo kọ sílẹ̀ níbi tàfsíìrì, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń túmọ̀ Àlùkùráánì, ó sì ń ṣàlàyé ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó bá le fún mi. Lọ́jọ́ kan mo ní kó wá hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a gbà wá láti ọ̀dọ̀ Ànábì, fún mi lórí wíwá ìmọ̀. Ó ní Ànábì sọ pé ká máa wá ìmọ̀ láti ìgbà tí a wà lọ́mọ ọwọ́ títí a ó fi wọ sàréè. Ó ní Bukhari ló gbà á wá, ó tilẹ̀ fún mi ní nọ́ńbà. Mo kà á ní àsàlátù. Ọkọ Àlhájà kan ṣí ìwé hádíìsì Bukhari nílé, kò rí i níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Ẹnì kan ní bídíà, ìyẹn àdádáálẹ̀ nínú ẹ̀sìn, ni mo ń ṣe. Ẹlòmíràn ní kò yàtọ̀ sí kí ènìyàn lọ bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ babaláwo. Ṣé mo ti pa irọ́ mọ́ Ànábì? Ṣé kí n pa ẹ̀rọ náà tì?

Ìdáhùn

Wa alaykumus-salaam wa rahmatullaahi wa barakaatuh, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó ń gba oorun lójú yín.

Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa irọ́ mọ́ òun, kí ó yáa wá ibùjókòó rẹ̀ sílẹ̀ nínú iná. Bukhari àti Muslim, àwọn onímọ̀ méjì tó kó hádíìsì jọ sínú ìwé, ló gbà á wá. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan tó wà láàárín rẹ̀: "mọ̀ọ́mọ̀". Ẹ̀yin kò mọ̀ọ́mọ̀. Ọlọ́hun náà sì sọ nínú Súrà Al-Ahzab, áyà 5, pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún wa nínú ohun tí a bá ṣàṣìṣe rẹ̀, àfi èyí tí ọkàn wa bá pète. Ẹ lọ sùn, ìyá wa. Ẹ kì í ṣe ara àwọn tí hádíìsì yẹn ń bá wí.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọkọ Àlhájà yẹn ti ṣí ìwé tí kò rí i, àwáwí ti tán. Ẹyin lohùn. Àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu yín ti gbé e délé, òmíràn ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ọmọ rẹ̀ l'Ékòó. Nínú Súrà Al-Baqarah, áyà 160, nígbà tí Ọlọ́hun ń sọ̀rọ̀ àwọn tí Òun yóò tẹ́wọ́ gba ìrònúpìwàdà wọn nínú àwọn tó fi òtítọ́ pamọ́, ohun mẹ́ta ló kà: wọ́n ronú pìwà dà, wọ́n ṣàtúnṣe, wọ́n sì ṣàlàyé. Ìkẹta yẹn ló máa ń nira fún wa. Nítorí náà, ẹ má yọ́ ọ sọ fún Àlhájà nìkan. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, níbi tí ẹ ti kà á gan-an, ẹ sọ fún gbogbo ènìyàn pé ọ̀rọ̀ tí ẹ kà fún wọn lọ́jọ́sí, ìtumọ̀ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ hádíìsì kò rí ìlà ẹlẹ́rìí kankan tó gbé e dé ọ̀dọ̀ Ànábì. Kí ẹ wá fi èyí rọ́pò rẹ̀, tí Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayra: ẹni tó bá tọ ọ̀nà kan láti wá ìmọ̀, Ọlọ́hun yóò fi ìyẹn mú ọ̀nà Àlùjánnà rọrùn fún un.

Kí ojú má tì yín. Mélòó nínú àwa àlùfáà ni kò tíì sọ ọ́ lórí mínbárì rí pé Ànábì ní ká wá ìmọ̀ kódà bó bá wà ní Ṣáínà? Ibn al-Jawzi, onímọ̀ hádíìsì, ti to ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ àwọn hádíìsì irọ́ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Kò sí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Àìsàn kí a gbọ́ kí a sì sọ, láìbéèrè ibi tó ti wá, ti pẹ́ lára wa. Ẹ̀rọ yìí kàn fún un lẹ́sẹ̀ tó yára ni.

Ní ti ẹni tó ní babaláwo ni ẹ lọ bá: rárá o. Hádíìsì tó sọ pé a kò ní gba ìrun ogójì òru lọ́wọ́ ẹni tó bá lọ bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aríran, orí ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ ohun ìkọ̀kọ̀ ló wà, ẹni tó ń sọ ọ̀la, tó ń sọ ẹni tó jí ẹran. Ohun tí ènìyàn ti kọ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ ń tò. Bí ẹ bá wá bi í léèrè pé ta ni ọmọ yín yóò fẹ́, ìyẹn ti di nǹkan mìíràn. Bídíà kọ́ náà ni. Inú ìjọsìn ni bídíà ti ń wáyé, ẹ kò sì fi ẹ̀rọ kírun. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ládàánì wa fi ń pe ìrun náà kò sí nígbà Ànábì.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò tún ní jẹ́ kó tan òun. Àwọn tó ṣe é kó ìwé àti ọ̀rọ̀ tó pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè kà láyé rẹ̀ lọ fún un, ó sì fi wọ́n kọ́ irú ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀ lé irú ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá bi í ní nǹkan, ọ̀rọ̀ tó jọ pé ó yẹ kó kàn ló ń gbé kalẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí ọmọ ilé-kéwú kékeré tó ti gbọ́ ohùn kíké àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí tí ó fi mọ ohùn náà, ṣùgbọ́n tí kò wo wàláà rí. Ní kí ó ké, yóò ké e, ohùn yóò dùn. Ibi tí kò bá mọ̀, kò ní dúró, yóò fi nǹkan tó jọ ọ́ dí i. Bẹ́ẹ̀ ni Bukhari ṣe dé ìdí ọ̀rọ̀ yín. Nínú ìwé ayé, lẹ́yìn "Ànábì sọ pé", orúkọ Bukhari kì í jìnnà. Nọ́ńbà náà sì máa ń tẹ̀ lé orúkọ. Ó lè má tilẹ̀ ṣí ìwé kankan wò.

Kì í ṣe àwa Mùsùlùmí nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ní ọdún 2023, ní New York, àwọn lọ́yà kan kó ẹjọ́ tí ẹ̀rọ AI tó ń jẹ́ ChatGPT dárúkọ fún wọn lọ síwájú adájọ́. Ẹjọ́ náà kò sí rárá, kò sí ilé ẹjọ́ tó dá a rí. Adájọ́ bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé wọn. Owó ni tiwọn. Orúkọ Ànábì ni tiwa.

Abdullah ibn al-Mubarak sọ ọ̀rọ̀ kan tí Muslim kọ síwájú ìwé rẹ̀: isnaad, ìyẹn ìlà ẹlẹ́rìí, ara ẹ̀sìn ni; bí kò bá sí isnaad ni, ẹni tó bá wù ú ì bá máa sọ ohun tó bá wù ú. Ẹ̀rọ yìí kò ní isnaad. Kò jókòó níwájú ẹnì kan, ẹnì kan kò sì jẹ́rìí sí i. Kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí nínú ẹ̀sìn bó ti wù kó dáńgájíá tó. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń bá yín gbé ìwé, tó ń bá yín wá ojú ewé. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi í sí.

Mo máa ń rántí Zayd ọmọ Thabit, akọ̀wé Ànábì. Ní Mẹ̀dínà, Ànábì àti àwọn Júù máa ń kọ̀wé sí ara wọn, ìwé àwọn Júù sì wà ní ọ̀nà ìkọ̀wé tiwọn. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn máa kà á fún un, kí iṣẹ́ sì máa lọ. Ànábì kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọkàn òun kò balẹ̀ sí i, ó ní kí Zayd lọ kọ́ ọ. Zayd, tó ṣì kéré nígbà náà, ní oṣù kò tíì pé ìdajì tí òun fi mọ̀ ọ́n. Abu Dawud àti Tirmidhi gbà á wá. Zayd yìí kan náà ni Abu Bakr gbé iṣẹ́ kíkó Àlùkùráánì jọ fún lẹ́yìn ikú Ànábì. Ó ti há a sórí. Síbẹ̀ ó ń wá a kiri lára imọ̀ ọ̀pẹ, lára òkúta pẹlẹbẹ, àti láyà àwọn ènìyàn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n sórí ló tún ń wá ẹ̀rí yẹn, ìyá wa. Àwa tí kò mọ̀ ọ́n ńkọ́?

Nítorí náà, ẹ má pa ẹ̀rọ náà tì. Àwọn ìwé tí ẹ kọ níbi tàfsíìrì, ẹ tẹ̀ wọ́n sínú fóònù, kí ó bá yín tò wọ́n: èyí tó jẹ́ ti sàká lọ́tọ̀, ti ìgbéyàwó lọ́tọ̀. Ìmọ̀ tí ẹ ti gbà lẹ́nu olùkọ́ nìyẹn, ìtòlẹ́sẹẹsẹ lásán ló ṣe. Ẹ ní kí ó fi ìwé yín ṣe ìbéèrè tí ẹ ó fi dán àwọn ọmọ wò. Ẹ ní kí ó ṣe ètò bí ẹ ó ṣe ka ìwé kan tán láàárín oṣù méjì. Àwọn irú ẹ̀rọ kan wà, bíi NotebookLM ti Google, tí ènìyàn máa ń kó ìwé tirẹ̀ fún, tí wọ́n sì máa ń tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti rí ìdáhùn nínú ìwé náà. Èyí dára fún yín ju èyí tó ń fi ìmọ̀ ara rẹ̀ dáhùn lọ. Ẹ ṣì máa tẹ ibi tó tọ́ka sí, kí ẹ fi ojú ara yín rí i, torí ìròyìn ò tó àfojúbà. Ti Àlùkùráánì kíkà kò tilẹ̀ nílò dátà: bí mùsáfù yín bá jẹ́ ti Mẹ̀dínà tó ní ojú ewé 604, ojú ewé mẹ́rin lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ kí ẹ parí rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kan.

Áyà àti hádíìsì ni kí ẹ má gbà láti ẹnu rẹ̀. Bó bá dárúkọ áyà, ẹ ṣí mùsáfù. Ẹ má ṣe da Lárúbáwá tó bá kọ sínú ìwé wáàsí yín, torí àmì ohùn kan ṣoṣo tó. Nínú Súrà At-Tawbah, áyà 3, Ọlọ́hun sọ pé Òun àti òjíṣẹ́ Òun bọ́ kúrò lọ́rùn àwọn ọ̀ṣẹbọ. Bí ènìyàn bá ka "rasuuluhu" ibẹ̀ sí "rasuulihi", ó ti di pé Ọlọ́hun bọ́ kúrò lọ́rùn òjíṣẹ́ Rẹ̀. Bó bá ní hádíìsì wà nínú ìwé kan, ẹ wá a nínú ìwé náà. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó dùn tó.

Ìdájọ́ ẹ̀sìn náà ńkọ́? Èmi fúnra mi bi ọ̀kan léèrè nípa kíka Bismilláhi ṣáájú Fátíà nínú ìrun ọ̀ranyàn. Ó ní ọ̀ranyàn ni, pé ìrun ẹni tí kò bá kà á bàjẹ́. Ọ̀nà Ìmáàmù Ṣáfíì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Ìmáàmù Málíkì ni wọ́n fi tọ́ ọ̀pọ̀ wa nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà yìí kò sì sọ ọ́ di ọ̀ranyàn. Ẹ̀rọ kò sọ fún mi pé ọ̀nà méjì wà. Ká ní arúgbó kan ló bi í, yóò lọ máa san ìrun ogójì ọdún padà. Ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ àti ogún pínpín tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àlùfáà gbọ́dọ̀ bi ẹni náà ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò rántí sọ.

Nǹkan kan kù tí ẹ kò bèèrè. Ẹ̀yin ni akọ̀wé, ọ̀pọ̀ obìnrin sì ń sọ ohun tó wà láàárín àwọn àti ọkọ wọn fún yín. Ẹ má kọ orúkọ wọn tàbí ẹjọ́ ilé wọn sínú ẹ̀rọ náà. Ohun tí ẹ bá tẹ̀ síbẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ẹ kò mọ̀. Àmáánà, ìyẹn ohun ìfọkàntán, ni wọ́n fi sí yín lọ́wọ́.

Tí ẹ bá ráyè, ẹ kó gbogbo ìwé wáàsí tí ẹ ti fi ẹ̀rọ náà ṣe wá bá mi ní mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Alásàrí lọ́jọ́ Alámísì. Kí Àlhájà yẹn àti ọkọ rẹ̀ bá yín wá, kí ó sì mú Bukhari rẹ̀ dání. A ó jọ wo hádíìsì ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.