Ọ́kíìdì Mi Ń Kú Lọ, Aládùúgbò Ní Kí N Gbé E Sọnù

Lẹ́tà tó gba iwájú lóṣù yìí gùn díẹ̀. Mo gé e kúrú, ṣùgbọ́n mi ò yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ọlọ́gbà. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ mi obìnrin fún mi ní ọ́kíìdì kan, irú èyí tí ewé rẹ̀ fẹ̀ tó sì nípọn, tí òdòdó rẹ̀ dà bí labalábá. Ewé méje ló ní nígbà náà. Ó ti ku mẹ́ta báyìí. Ohun kan tó funfun bí òwú wà ní ìdí ewé, ewé ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, èèrà sì ń gun ìkòkò rẹ̀ lọ sókè lọ sísàlẹ̀. Mo ti fi ọṣẹ ìfọṣọ wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń bomi rin ín láràárọ̀, mo tún ti bu ajílẹ̀ sí i kó lè lágbára, síbẹ̀ ńṣe ni ewé rẹ̀ ń hunjọ bí awọ àgbàlagbà bíi tèmi. Òdòdó méjì péré ló kù lórí ọ̀pá rẹ̀. Aládùúgbò mi ní kí n gbé e sọnù. Ṣé ó ṣì lè yè? Ìyá Ìbejì ni mo ń jẹ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì gbé e sọnù. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó jẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́, ìwọ̀n lewéko ń dára mọ. Àfi bíi pé ọ́kíìdì ni wọ́n ń bá wí! Ṣùgbọ́n èmi ò dá kòkòrò láre nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì lè dá ẹ̀yin náà láre tán. Ẹ má bínú. Kòkòrò tó wà nínú òwú funfun yẹn ló bẹ̀rẹ̀ ìjà, omi àràárọ̀ àti ajílẹ̀ yẹn ló fẹ́ bá a parí rẹ̀.

Ọ́kíìdì yín kì í ṣe ohun tó ń hù nínú yẹ̀pẹ̀. Phalaenopsis ni àwọn onímọ̀ ń pè é, wọ́n fa orúkọ náà yọ láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí àfòpiná, nítorí bí òdòdó rẹ̀ ṣe na ìyẹ́. Orí igi ló ń gbé nínú igbó bí àfòmọ́, àmọ́ kì í fa oje igi mu bí àfòmọ́ ti ń ṣe. Ó kàn di èèpo igi mú ni. Òjò á rọ̀ sí gbòǹgbò rẹ̀, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, á sì gbẹ. Awọ kan tó ń mumi bíi fóòmù ló bo gbòǹgbò yẹn: tó bá gbẹ, á funfun bíi fàdákà, tó bá mumi yó, á di àwọ̀ ewé. Bí omi ò bá kúrò lára rẹ̀ rárá, kò ní lè mí, á jẹrà, gbòǹgbò tó bá sì ti jẹrà ò lè mu omi mọ́. Ìdí nìyẹn tí ewé yín fi ń hunjọ nínú ìkòkò tó tutù rinrin. Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́ láàárín odò. Ẹ wá tún bu ajílẹ̀ lé e, iyọ̀ inú ajílẹ̀ sì máa ń jó gbòǹgbò tí kò lágbára.

Òwú tí ẹ rí yẹn, ìda ni. Ara kòkòrò náà ló ti ń jáde, ó fi bo ara rẹ̀ bí aṣọ, omi lásán kì í sì í wọ̀ ọ́. Ó ń ki ẹnu bí abẹ́rẹ́ bọ inú ewé, ó ń fa oje. Ṣúgà inú oje yẹn pọ̀ ju èyí tó lè lò lọ, ó sì ń da èyí tó ṣẹ́kù jáde sórí ewé. Òun ló ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Èèrà tí ẹ ń wò yẹn ò wá jẹ ọ́kíìdì rárá, darandaran ni wọ́n. Adùn yẹn ni wọ́n ń lá, nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣọ́ kòkòrò funfun náà bí ẹni ń ṣọ́ màlúù, wọ́n a tilẹ̀ máa gbé àwọn ọmọ rẹ̀ láti ewé kan lọ sórí òmíràn. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ dínà mọ́ wọn. Ẹ gbé ìkòkò náà lé orí òkúta pẹlẹbẹ nínú abọ́ tó ní omi, kí omi má kan ìdí ìkòkò, kí ewé rẹ̀ má sì kan ògiri tàbí fèrèsé tí wọ́n lè gbà kọjá. Kó wà lóun nìkan, jìnnà sí gbogbo ohun ọ̀gbìn yòókù.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù á bà yín. Ẹ yọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí ni èmi fúnra mi ti kọ́gbọ́n. Ọ́kíìdì àkọ́kọ́ tí kòkòrò yìí bá mi dù, ewé nìkan ni mo ń nù. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ewé ń dán bíi dígí, mo ń fi han àlejò. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, mo gbé ìkòkò rẹ̀ kí n lè nu ojú fèrèsé, àfi bí mo ṣe rí òwú nínú ihò ìdí rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tí mo ń fi ewé yangàn, ìdí ni wọ́n wà. Àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti kó o. Ọ̀kan kú nínú wọn, èyí tí mo fẹ́ràn jù. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti gba ẹnu ewé gbọ́ mọ́.

Gbogbo èèpo igi tó wà nínú ìkòkò, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ so ọ́ lẹ́nu, ẹ jù ú nù. Ẹ má dà á sí ìdí òdòdó mìíràn. Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ ṣan gbòǹgbò, kí ẹ wá máa fi ìka méjì tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá le ṣì wà láàyè, bó ti wù kó dọ̀tí tó, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó bá rọ̀, tí awọ rẹ̀ ń bọ́ tó sì ku okùn tín-ín-rín láàárín, ti kú. Ẹ fi abẹ tí ẹ ti yan ẹnu rẹ̀ nínú iná gé e. Ní ibi tí ewé mẹ́rin tó já ti kúrò, ẹ máa rí awọ gbígbẹ bíi bébà tó wé mọ́ igi rẹ̀. Ẹ rọra bó o. Abẹ́ rẹ̀ ni ilé wọn gan-an. Ìdì òwú kan ṣoṣo lè ní ẹyin tó lé ní ọgọ́rùn-ún nínú.

Sípíríìtì ló kàn, irú èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń nu ara kó tó gún èèyàn lábẹ́rẹ́, tí wọ́n kọ 70% sí lára ìgò rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní igun ewé kan, kí ẹ wò ó fún ọjọ́ méjì. Bí ewé ò bá yí padà, ẹ fi igi òwú tí a fi ń nu etí kàn án mọ́ kòkòrò kọ̀ọ̀kan. Ìda rẹ̀ á yọ́, ara rẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹ nu abẹ́ ewé àti kọ̀rọ̀ tí ewé ti so mọ́ igi. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣe é, ẹ má ṣe é nínú oòrùn. Ẹ má dà á sí gbòǹgbò, ẹ má sì jẹ́ kó dúró sínú ọ̀mùnú. Ẹ fi ọṣẹ ìfọṣọ sílẹ̀, ó le jù fún ewé.

Lọ́jọ́ keje, ẹ tún un ṣe, bí ẹ ò tilẹ̀ rí nǹkan kan. Ẹ tún un ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán. Èyí tí sípíríìtì bá kàn ló ń pa, ẹyin tó sá pamọ́ ń bọ̀ wá pa, ẹ sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ bá jáde. Alẹ́ lèmi máa ń fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò, torí ojú mi kì í ṣe ti àtẹ̀yìnwá mọ́.

Ọ̀rọ̀ tó máa dùn yín ló kù. Ọ̀pá òdòdó yẹn, ẹ gé e. Mo mọ̀ pé ẹ̀bùn ọmọ ni, mo mọ̀ pé òdòdó méjì yẹn lẹ fi ń gba ara yín níyànjú. Ẹ fi sínú ife omi lórí tábìlì, ẹ ṣì máa rí i wò fún ọjọ́ mélòó kan. Ohun tí ewé mẹ́ta ń bọ́ kò yẹ kó tún máa bọ́ òdòdó. Àmọ́ ewé mẹ́ta yẹn fúnra wọn, ẹ ò gbọdọ̀ gé wọn, bí wọ́n ti wù kí wọ́n burẹ́wà tó. Àpá tí kòkòrò dá sí wọn lára kò ní lọ mọ́, ṣùgbọ́n inú wọn ni oúnjẹ àti omi tó kù wà.

Ẹ jẹ́ kí ojú ibi tí ẹ gé gbẹ fún ọjọ́ kan. Bí gbòǹgbò tó le bá tó mẹ́ta, èèpo igi tuntun tí wọ́n gé wóńwóńwó ni kí ẹ fi gbìn ín, sínú ike kékeré tó hàn kedere tó sì ní ihò, èyí tó kàn gba gbòǹgbò náà lásán. Ìkòkò ńlá á tún gbé omi dúró. Bí kò bá ku gbòǹgbò kankan, ẹ wá mọ́ọ̀sì, ewéko rírọ̀ tó ń fa omi mu bíi fóòmù, ẹ rẹ ẹ́, ẹ fún un títí omi ò fi kán mọ́, ẹ tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ ọ̀rá ńlá tó hàn, ẹ gbé ọ́kíìdì lé e, kí ẹ rọra pa ẹnu ọ̀rá dé. Ọ̀rinrin inú ibẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí ewé gbẹ tán kí gbòǹgbò tuntun tó dé. Ẹ máa ṣí i kí atẹ́gùn wọlé ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé tó o, àmọ́ bí oòrùn bá tàn sí ọ̀rá yẹn tààrà, ẹ ti sè é nìyẹn.

Ẹ gbàgbé omi àràárọ̀. Nígbà tí gbòǹgbò inú ike bá ti funfun, tí ike sì fúyẹ́ lọ́wọ́, ìgbà yẹn ni kí ẹ bomi rin ín dáadáa láàárọ̀, kí omi ṣàn jáde tán. Bí omi bá dúró sí ọ̀mùnú, ẹ fi tíṣù fà á.

Kí lẹ máa wá máa wò? Gbòǹgbò ni, kì í ṣe ewé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí ṣóńṣó kan tó ń dán, tó tutù bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ẹ pe ọmọ yín lórí fóònù. Ó lè gba oṣù méjì tàbí mẹ́ta, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn lẹ lè bẹ̀rẹ̀ ajílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ní ti òdòdó, ẹ má retí rẹ̀ lọ́dún yìí. Tó bá tún ní ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún tó le, tí òru sì ń tutù tó 16 sí 18°C fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀pá tuntun lè yọ.

Àmọ́ o, bí ọ̀mùnú bá di dúdú tó rọ̀ pẹ̀tẹ̀, a jẹ́ pé aládùúgbò yín ló borí.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Tèmi ò ní òwú. Abẹ́ ewé ọ́kíìdì mi ní àmì funfun wínníwínní bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un, okùn aláǹtakùn tín-ín-rín sì wà níbẹ̀. Ṣé aláǹtakùn ló ń jẹ ẹ́ ni? Akẹ́kọ̀ọ́.

ÌDÁHÙN: Ìbátan aláǹtakùn ni, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ lòun náà ní, àmọ́ ó kéré débi pé ojú lásán kì í fẹ́ rí i. Tẹ́ bébà funfun sábẹ́ ewé, kí o gbọn ewé náà. Bí eruku bá bọ́ sórí bébà tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, òun nìyẹn. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló fẹ́ràn. Fi omi ṣan abẹ́ gbogbo ewé dáadáa, fi aṣọ rírọ̀ nù ún, kí o sì máa tún un ṣe ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Má tíì náwó sórí oògùn. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe fún kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà kì í ràn án. Àárọ̀ ni kí o máa ṣe é, kí ọ̀mùnú lè gbẹ kó tó di alẹ́.